Tòkunbọ̀ Kì í Wọlé Láìwẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Ààfáà Abdulfatah jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, ó wé láwàní funfun báláú, ó fín lọ́fínńdà sára bí ẹni pé òórùn ń gba inú wáyà kọjá. Ìwó lòun wà. Àwọn ọmọ méjì tó ń kọ́ ní kéwú, Khàdíjàh àti Afeez, wà ní Máńṣẹ́sítà lọ́hùn-ún nínú òtútù. Lẹ́tà kan wà nínú kéwú tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun pátápátá ni wọ́n ti ń fà á jáde, Ààfáà sì fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó la ẹnu gbàgà, ó ranjú, ó na ọrùn bí àkùkọ tó fẹ́ kọ.

Kọ̀ǹpútà bá gan.

Kò lọ, kò bọ̀. Ààfáà ń pariwo ní Ìwó, ṣùgbọ́n ní Máńṣẹ́sítà, ẹnu líla nìkan ni wọ́n ń rí. Àwọn ọmọ rò pé ara ẹ̀kọ́ ni, àwọn náà bá la ẹnu tiwọn. Wọ́n là á sílẹ̀ títí ìyá wọn fi wọlé tó bá ọmọ méjì àti ààfáà kan, tí gbogbo wọn la ẹnu bí ẹni tó wà níwájú dókítà eléyín.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwòrán ẹnu líla yẹn ti ń rìn kiri orí Wọ́sáàpù. Àna Ààfáà fi ránṣẹ́ sí i láti Olúpọ̀nnà, wọ́n ní ṣé kò sí o.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dun Ààfáà. Ohùn tí Zakiyyah, ìyá àwọn ọmọ, fi ránṣẹ́ ló dùn ún. Ọmọ Kuta ni Zakiyyah, ó mọ ọ̀wọ̀ dójú àmì. Bí Zakiyyah bá fẹ́ lé ènìyàn jáde, onítọ̀hún á ti dúpẹ́ tán kó tó mọ̀ pé ìta lòun wà.

"Ààfáà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn yín gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí ẹ ti gan mọ́ wọn lójú. Ẹ jẹ́ ká tún fi Sátidé tó ń bọ̀ dán an wò. Bí kò bá wá ṣeé ṣe, ẹ má bínú sí wa. Ọkọ mi ti rí ààfáà kan ní Bámíńgámù tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń sáré."

Tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń sáré! Ààfáà gbọ́ gbólóhùn yìí, ó tún un gbọ́, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ilé kéwú ni wọ́n bí Abdulfatah sí. Bàbá rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò títí tí ohùn wọn fi máa ń jí àwọn ewúrẹ́. Ní báyìí, àwọn ewúrẹ́ ń sùn dọ́sàn-án. Àwọn òbí ti kó ọmọ lọ sí Èkó, wọ́n ti kó wọn lọ sí òkè òkun. Ààfáà wá pinnu pé bí àwọn ọmọ Ìwó bá ń lọ, kéwú òun á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àwọn ọmọ Zakiyyah ni àkọ́kọ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún gbé ọmọ fún ààfáà tó ń gan? Fóònù rẹ̀ ò sì lè gbà á sílẹ̀, torí ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ máa rí ojú-ewé Àlùkùránì àti ẹnu Ààfáà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tú wáyà, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà sórí itan nínú kẹ̀kẹ́, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ dì í nítorí eruku. Ìyá kan tó wọ kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà rí ohun tí wọ́n fi ìborùn dì, tí Ààfáà rọra gbé mọ́ra.

"Ẹ kú ewu o, Ààfáà. Ọlọ́run á wò ó."

Ààfáà kò lókun àlàyé. Ó ní, "Àmín."

"Akọ ni àbí abo?"

"Ó ti dàgbà, Ìyá," ni Ààfáà fèsì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Odò-Orí kí ìyá náà tó sọ pé òun fẹ́ gbé e.

Olúṣẹ́gun tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú àpótí náà wò. Eruku tó wà níbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ ẹ nù, ó sín títí, ó wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú.

"Ààfáà, kọ̀ǹpútà yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Wàláà kékeré lẹ gbé fún un."

"Wàláà ti bọ́ síbẹ̀ báwo?"

"Nígbà tí ẹ ń kéwú ní kékeré, bí wàláà yín bá kéré, kí lẹ máa ń ṣe?"

"À á kọ díẹ̀, à á pa á rẹ́, à á tún kọ díẹ̀."

"Ohun tí òun náà ń ṣe nìyẹn. Ẹ ní kó gbé ojú yín, kó gbé ohùn yín, kó gbé Àlùkùránì, kó tún gbé ojú àwọn ọmọ òyìnbó yín. Mẹ́mórì tó máa fi gbé gbogbo ẹ̀, tí àwa ń pè ní ráàmù, GB méjì péré ni. Ó kún. Ó wá ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Ibi tó ti ń pa á rẹ́ ló ti bá yín pẹ̀lú ẹnu líla."

Ààfáà gbójú sókè. "Ìwọ náà ti rí i?"

"Ààfáà mi, ta ni kò tíì rí i?"

Olúṣẹ́gun wá tẹ́ ọjà. Àkọ́kọ́, kí Ààfáà ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ààfáà bi í léèló, Olúṣẹ́gun dárúkọ owó ọ̀hún, Ààfáà sì jókòó, bẹ́ẹ̀ kò sí àga níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ mẹ́mórì nìkan.

"Tuntun inú ọ̀rá wà," ni Olúṣẹ́gun wí. "Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín ti dàgbà, mẹ́mórì ìran kẹta ló ń lò. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, ìdí nìyẹn tí tuntun rẹ̀ fi gbówó lórí."

"Fún mi ní ìran kẹrin nígbà náà. Èmi ò kórìíra ohun tuntun."

"Kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí. Ti ìran kẹta, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti gé e. Bí ẹ bá fipá tì í, ẹ ó gbọ́ káú."

"Èyí kúkúrú yìí ńkọ́? Ó jọ pé owó rẹ̀ máa rọ̀."

"Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká nìyẹn. Ó dà bí kí ẹ wọ ṣòkòtò Afeez lọ kírun Jímọ̀."

Ààfáà fojú inú wo ṣòkòtò náà, ó gbé èyí kúkúrú padà sílẹ̀.

Olúṣẹ́gun wá tọwọ́ bọ inú páálí, ó mú ráàmù gígùn kan jáde, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, tó ní eyín bíi wúrà ní ìsàlẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan tó wá láti Jámánì. GB mẹ́rin. "Ihò méjì ló wà nínú tiyín, ọ̀kan ṣófo. Kí èyí tó wà níbẹ̀ máa wà níbẹ̀, ká ki èyí bọ ìkejì. Méjì pẹ̀lú mẹ́rin, ẹ di olówó."

"Ṣé mẹ́jọ kọ́ ló dáa jù?"

"Fún kéwú? Ààfáà, ṣé bàálù lẹ fẹ́ fi wà ni? Mẹ́fà á tó yín, á ṣẹ́ kù. Ẹ fi owó tó kù ra epo sínú jẹnẹrétọ̀."

Wọ́n wá dé ibi ìdúnàádúrà. Ààfáà múra ogun. Ó ká apá aṣọ sókè, ó dárúkọ iye tó kéré débi pé ó yẹ kí Olúṣẹ́gun gégùn-ún fún un.

Olúṣẹ́gun ní, "Ẹ mú un wá."

Ẹ̀rù ba Ààfáà. "Kí ló dé tó o fi tètè gbà? Ṣé kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

"Ẹ wò ó, ẹ ní kí n dín in, mo dín in, ẹ tún ń bínú! Ṣé kí n fi kún un ni?"

Olúṣẹ́gun ki mẹ́mórì náà bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó yọ ọ́, ó kì í bọ ti Ààfáà, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán, iná bá lọ. Wọ́n dúró, dúró, iná kọ̀, kò dé. Ni Ààfáà bá tún fi ìborùn di ọmọ rẹ̀, ó gbé e wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Nílé, gbogbo ìdílé pé jọ. Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ, ti ṣíwọ́ ọjà. Ìyá Ààfáà, Ìyá Àbẹ̀ní, gbé àpótí ìjókòó wọn wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ wo eré. Ààfáà ní "Bìsìmíláì," ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú rẹ̀ ń dún: píì, píì, píì.

"Ó ń sunkún," ni Ìyá Àbẹ̀ní wí.

Ààfáà pe Olúṣẹ́gun. Olúṣẹ́gun ti wà lójú ọ̀nà ìsìnkú kan nílùú àwọn àna rẹ̀, èrò ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí Ààfáà yọ ọ́, kó tún un kì. Ẹkún. Ó ní kó yọ ti tuntun kúrò pátápátá. Kọ̀ǹpútà tàn, ó padà sí ìfà rẹ̀ àtijọ́.

"Èyí tí mo tà fún yín ló kú nìyẹn, Ààfáà. Ẹ má bínú. Mo máa pààrọ̀ rẹ̀ fún yín ní Mọ́ńdè."

Mọ́ńdè! Sátidé ni Zakiyyah dá! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ààfáà lọ káàkiri ìlú, ó dé iwájú yunifásítì pàápàá. Ìran kẹrin ni gbogbo wọn ń tà. Ó padà wálé, ó fi òkú mẹ́mórì sílẹ̀ lójú fèrèsé, ó lọ kírun Jímọ̀. Níbẹ̀, ó fi tọkàntọkàn gbàdúrà fún ààfáà Bámíńgámù, pé kí Ọlọ́run fún un ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, láti ibòmíràn.

Ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Ó wọ àgbàlá. Ó rí okùn aṣọ. Lórí okùn náà, láàárín ṣòkòtò tirẹ̀ àti gèlè ìyá rẹ̀, mẹ́mórì ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lẹ́nu pẹ́ẹ̀gì, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó.

"Ìyá!"

Ìyá Àbẹ̀ní ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ibòji. "Kú àbọ̀ ìrun o. Ọlọ́run á gbà á."

"Ìyá, kí lẹ ṣe?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ kí ni?"

"Nǹkan tó o gbé wá láti Odò-Orí. Ṣé tòkunbọ̀ kọ́ ni? Àkànní, tòkunbọ̀ wo ló ti wọ ilé yìí rí láìwẹ̀? Kóòtù tí bàbá rẹ rà lọ́jọ́ sí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́ kó tó kàn án lára. Bàtà tó o wọ̀ ṣe ìgbéyàwó, ta ló fọ̀ ọ́? A ò mọ ẹni tó lo nǹkan yẹn. Ó lè jẹ́ eléèkúrú. Ẹ sì kàn gbé e bọ inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kó máa sunkún!"

"Ìyá, ohun tí iná mànàmáná ń gbà kọjá ni! Wọn kì í fọ̀ ọ́!"

"Èwo ni ìdọ̀tí tó wà lára eyín wúrà rẹ̀ yẹn? Ó dúdú, ó yi. Mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó jẹ́jẹ́, mo ṣàn án. Omi gbígbóná kọ́ ni mo lò. Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ààfáà sún mọ́ okùn aṣọ. Ohun kan sọ sí i lọ́kàn. "Búrọ́ọ̀ṣì ta ni, Ìyá?"

"Tìrẹ."

Ẹni tó wé láwàní ní Ìwó kò lè jágbe mọ́ ìyá rẹ̀. Ààfáà yíjú sí pẹ́ẹ̀gì, ó sì jágbe mọ́ ọn dáadáa. Ó bi pẹ́ẹ̀gì bóyá ayé rẹ̀ lòun bà jẹ́. Ó bi í bóyá ó mọ ibi tí Máńṣẹ́sítà wà. Pẹ́ẹ̀gì kò dáhùn. Ìyá Àbẹ̀ní ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Nígbà tí Sọ̀fíyàt ti ọjà dé tó gbọ́, ó kọ́kọ́ di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

"Ṣùgbọ́n Olúṣẹ́gun ní ó ti kú, àbí? Kí wá lẹ ń bínú sí? Òkú ni, Ìyá sì ti wẹ̀ ẹ́. Kò kù ju kí ẹ̀yin Ààfáà kírun sí i lára."

Kódà Ààfáà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbínú pa á mọ́ra.

Ní àárọ̀ Sátidé, oòrùn ti tún pa mẹ́mórì náà, ó gbẹ táútáú. Ààfáà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń fà, ó di fóònù mú, ó ń gba ohùn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Zakiyyah sílẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀rọ tèmi ti kọ̀. Ẹ máa mú àwọn ọmọ lọ sí Bámíńgámù. Ẹ bá mi sọ fún Khàdíjàh pé ohùn rẹ̀ dára, kó má jẹ́ kí—"

"Ẹ dúró ná," ni Sọ̀fíyàt wí látẹnu ọ̀nà. "Kí ẹ tó lé wọn lọ, ẹ ki mẹ́mórì yẹn bọ̀ ọ́ wò."

"Sọ̀fíyàt, ó lè jó ilé."

"Mo mọ̀." Ó gbé garawa yanrìn kan dání, ó ti ṣán aṣọ mọ́ àyà. "Ẹ ki mẹ́mórì yẹn bọ̀ ọ́."

Ìyá Àbẹ̀ní náà wọlé, wọ́n jókòó. Ojú obìnrin méjì pọ̀ jù fún Ààfáà. Ó ti fóònù bọ àpò, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tú ìdérí, ó rọra ki mẹ́mórì náà bọ ihò rẹ̀ títí ó fi dún pẹ́ẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ láwàní, bóyá nítorí iná, bóyá nítorí ìtìjú. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú dúdú.

Sọ̀fíyàt gbé garawa sókè.

Kò dún píì. Kò dún rárá. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́ kedere. Ààfáà tẹ ibi tí Olúṣẹ́gun fi hàn án pé wọ́n ti ń wo iye mẹ́mórì. Mẹ́fà! Ó nu ojú, ó tún wò ó. Mẹ́fà ni! Ìdọ̀tí ara eyín wúrà ni kò jẹ́ kó fara kan ara, kò kú rárá!

"Àlùhámúdùlíláì!" Ààfáà fò sókè, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, fóònù já bọ́ látinú àpò rẹ̀. Nígbà tó máa he é, ó rí i pé ohùn tó gbà sílẹ̀ ti lọ. *Ẹ máa mú àwọn ọmọ lọ sí Bámíńgámù.* Ó ti dé Máńṣẹ́sítà. Wọ́n ti gbọ́ ọ!

Kó tó mọ ohun tí yóò pa rẹ́, kọ̀ǹpútà ń dún. Zakiyyah ló ń pè. Ààfáà da láwàní borí bó ṣe rí i, ó gbé e.

"Ààfáà wa," ni Zakiyyah wí, ojú rẹ̀ mọ́ roro lójú kọ̀ǹpútà, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn yín ni. Ẹ ní ẹ̀rọ yín ti kọ̀. Ẹ̀rọ ta wá ni mo fi ń rí yín yìí, tí mo fi ń rí garawa lẹ́yìn yín?"

Ààfáà wẹ̀yìn. Sọ̀fíyàt gbé garawa sílẹ̀ wúyẹ́.

"Ó ti gbà báyìí," ni Ààfáà wí. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ààfáà ṣí ojú-ewé Àlùkùránì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn ọmọ wà lókè. Ó ń dúró kí ó gan. Kò gan. Ó pe lẹ́tà, Afeez pè é tẹ̀ lé e. Khàdíjàh bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn ọmọ náà ń ti Máńṣẹ́sítà bọ̀ láìgé, láìfà, ó ń ṣàn wọ inú yàrá bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ààfáà tún un ṣe níbì kan, ọmọ gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ó tún un kà, ó gbà á. Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ ohùn ọmọdé báyìí.

Ìyá Àbẹ̀ní kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ èjìká Ààfáà, wọ́n fi gbogbo ojú dí kámẹ́rà.

"Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù náà nìyí? Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti jẹun? Kí ló dé tí ẹ fi rù báyìí? Kí ni ìyá yín ń fún yín jẹ?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́," ni Ààfáà wí, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ti parí. Ó rí Bámíńgámù kedere.

Zakiyyah wo Ìyá Àbẹ̀ní dáadáa. Ó fa àga, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ìyá ìyá mi ní Kuta, bí wọ́n ṣe máa ń bá wa wí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni tí wọ́n máa sọ ọ́ sí. Ààfáà, ẹ bá mi gbàgbé ọ̀rọ̀ Bámíńgámù yẹn. Ọmọ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi bí máa dara pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Ìyá. Bí ẹ bá ti ń parí kéwú, ṣé wọ́n lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀?"

Ààfáà fẹ́ dáhùn. Ìyá Àbẹ̀ní ti gbá a léjìká.

"Àkànní, dìde níbẹ̀."

"Ìyá, a ò tíì parí—"

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ni? Dìde."

Ààfáà dìde lórí àga tirẹ̀, lábẹ́ láwàní tó wọ́. Ìyá jókòó, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ọba.

"Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná. Kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Kíkí ọmọ gidi."

Àwọn ọmọ wo ìyá wọn. Zakiyyah sọ nǹkan sí wọn létí. Lójijì, kò sí Khàdíjàh mọ́, kò sí Afeez. Àga méjì tó ṣófo ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

Ààfáà kígbe, ó sáré gba ẹ̀yìn àpótí, ó gbá wáyà mú. "Ó tún ti ṣe é! Ó ti jẹ wọ́n!"

"Fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àbẹ̀ní wí jẹ́jẹ́, ojú wọn kò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀."

Ààfáà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ní etí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí ṣóńṣó híjáàbù Khàdíjàh tó kúnlẹ̀, àti gìgísẹ̀ Afeez tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Máńṣẹ́sítà. Ohùn àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti ilẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àbẹ̀ní fi etí gèlè nu ojú.

"Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ dìde. Ẹ dìde sórí àga, kí n lè rí yín."